Ọgbọ́n Ló Ń Tan Iná, Kì í Ṣe Ààtàn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́, níbi ìpàdé ìpadàwálé

  

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bí a ṣe lè fi ohun tí a ti dà sí ààtàn pèsè iná mọ̀nàmọ́ná tí kò ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ti di ẹnjiníà lójijì o. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní Poli, òun náà ni mo sì ń jẹ. Iṣẹ́ oníròyìn ni pé kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, kó sì wá tún un sọ kó yé ará ilé. Àwọn olùkọ́ Físíìsì wa jókòó síwájú níbí. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nàka sókè bí ẹ ṣe máa ń ní kí àwa náà ṣe.

Ìdí kan wà tí mo fi gbà láti sọ̀rọ̀. Nínú ìwé ètò tí wọ́n pín fún wa láàárọ̀ yìí, nọ́ńbà keje ni ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ńlá tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ rà fún ilé-ẹ̀kọ́. A ó dìbò lé e lórí lọ́sàn-án yìí. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi bá ìbò náà lọ.

Kò sí ẹni tó máa sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ wa kò nílò iná. NEPA tí a mọ̀ nígbà tí a wà níbí ti pa orúkọ dà: ó di PHCN ní 2005, ìjọba sì pín in tà fún àwọn aládàáni ní 2013. Síbẹ̀, títí dòní, bí iná bá dé, “Áàpù NEPA!” náà ni ọmọdé ń pariwo. Ní 2024 nìkan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbogbo òpó iná Nàìjíríà dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Epo tí à bá sì fi gba ara wa sílẹ̀, ẹ mọ bó ṣe jẹ́. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, lítà pẹtiróòlù kan kò tó 200 náírà. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000 náírà. Nítorí náà, kì í ṣe pé ta ló máa ra jẹnẹrétọ̀ ni ìbéèrè wa. Ta ló máa bọ́ ọ?

Kí ló ń bí iná?

Ẹ jẹ́ kí n padà sí kíláàsì díẹ̀. Ní 1831, Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé bí ènìyàn bá ká wáyà bàbà jọ, tó sì ń mi irin òòfà, èyí tí a ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì, nínú rẹ̀, iná á máa ṣàn nínú wáyà náà. Faraday yìí kò ka ìwé púpọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ dídi ìwé pọ̀ ni wọ́n fi í kọ́, inú ìwé tí wọ́n kó wá fún dídì ló sì ti ń jí ìmọ̀ kó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé yẹn sọ́kàn fún mi, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ohun tí Faraday rí ní ọjọ́ náà la ṣì ń lò. Òòfà, wáyà bàbà, àti ohun tó ń yí ọ̀kan nínú wọn: mẹ́ta péré. Ní Kànjì, omi odò Ọya ló ń yí i. Ní Ẹ̀gbin, lọ́nà Ìkòròdú, ooru omi tí wọ́n fi gáàsì sè ló ń yí i. Nínú jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo ló ń yí i. Nínú dáínámò kékeré tó máa ń wà lára kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa láyé àtijọ́, táyà kẹ̀kẹ́ náà ni. Ẹni tó bá ní òòfà àti wáyà, tó sì rí ohun tó lè máa yí wọn láìsan owó epo, onítọ̀hún ti ní iná.

Níbo la ti máa rí òòfà àti wáyà láìra tuntun? Ẹ lọ sí ààtàn. Wọ́n wà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, wọ́n wà nínú mọ́tò ẹ̀rọ ìfọṣọ, wáyà bàbà sì ń bẹ nínú fáànù tó ti jóná. Ní 2022 nìkan, gbogbo ayé da nǹkan bí 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ohun èlò iná àti kọ̀ǹpútà nù. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ kò pé tí a ní àkọsílẹ̀ pé wọ́n gbà, tí wọ́n sì tún lò bó ṣe yẹ. Àwọn baba wa ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Òótọ́ ni, ó ti gba ohun tó ṣeyebíye mọ́ ohun tí kò wúlò.

Ọmọ tí wọ́n lé nílé-ẹ̀kọ́

Ìtàn tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé lónìí ti Màláwì wá. Ní abúlé Masitala, nítòsí ìlú Kasungu, ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ William Kamkwamba. Ọdún 1987 ni wọ́n bí i, ẹgbẹ́ àwọn kan nínú wa níbí nìyẹn. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Àgbàdo ni oúnjẹ wọn. Nígbà tí oko kò ṣe dáadáa ní 2001, ìyàn wọ ìlú. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2002, àwọn ènìyàn ti ń kú. Nínú ilé wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹun lóòjọ́, òkèlè díẹ̀ sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 80 dọ́là lọ́dún. Bàbá rẹ̀ kò rí i san. Bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ṣe di ará ilé nìyẹn o.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Kò dúró sílé. Ó ń lọ sí yàrá ìkàwé kékeré tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Wimbe, níbi tí wọ́n kó ìwé tí àwọn kan fi tọrẹ sí. Ibẹ̀ ló ti rí ìwé sáyẹ́ǹsì kan tí wọ́n ń pè ní Using Energy. Àwòrán ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí wà lójú ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì já gaara nígbà yẹn. Ó ń wo àwòrán, ó ń fi àwòrán tọ ọ̀rọ̀, títí ó fi yé e pé afẹ́fẹ́ lè fa omi jáde, afẹ́fẹ́ sì lè tan iná. Fún ọmọ tí ebi ń pa, omi nínú oko ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó ní bí ẹnì kan bá ti ṣe é kí wọ́n tó yà á sínú ìwé, òun náà lè ṣe é.

Ó bá gba ibi tí wọ́n ń da irin àlòkù sí lọ. Ó rí fáànù katakata níbẹ̀. Ó rí ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀. Ó mú férémù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́. Ó gé páìpù omi oníke, ó yá a níná kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì fi ṣe apá tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbá. Kò ní wáṣà, ó ṣa ìdérí ìgò ọtí jọ, ó lù ú pẹlẹbẹ, ó dá a lu. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Dáínámò kẹ̀kẹ́ nìkan ni kò rí lórí ààtàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Gilbert ló bá a sanwó rẹ̀. Igi ni wọ́n fi ṣe òpó tó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Àwọn ará abúlé ń wò ó, wọ́n ní orí ọmọ náà ti dàrú. Ìyá tó bí i pàápàá rò bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ dé, apá náà yí, iná sì tàn. Kò pọ̀ lọ títí: gílóòbù mẹ́rin àti rédíò méjì ni ẹ̀rọ náà gbé nínú ilé wọn. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣáàjì fóònù. Sílípáàsì àlòkù ló fi ṣe bọ́tìnnì ìtanná. Nígbà tó rí i pé wáyà lè gbiná, ó fi ìṣó, wáyà àti òòfà ṣe ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí ewu bá dé. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ, ìwé nìkan ni.

Ní 2006, ìwé ìròyìn Daily Times ti Màláwì gbé ìtàn rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn yan díẹ̀, nítorí iṣẹ́ wa ni. Ní 2007, wọ́n pè é lọ sọ̀rọ̀ ní Arusha, ní Tanzania. Ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó bá ẹnì kan kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 2009, ó gboyè ní Yunifásítì Dartmouth ní Amẹ́ríkà ní 2014. Chiwetel Ejiofor, òṣèré tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, fi ìtàn náà ṣe fíìmù ní 2019.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí a bá ń sọ ìtàn yìí, ààtàn la máa ń yìn. Ṣé inú ìdílé Kamkwamba nìkan ni ààtàn wà ni? Gbogbo ọmọ Wimbe ló ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin yẹn. Ọdún mélòó ni fáànù katakata náà ti wà níbẹ̀ tí kò tan iná fún ẹnikẹ́ni! Ọjọ́ tí ọmọ kan rí ìwé ni irin náà di iná. Yàrá ìkàwé ló bí iná Masitala.

Pàǹtí tó ń jẹrà

Irin nìkan kọ́ ni pàǹtí. Ìgbẹ́ ẹran, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àjẹkù oúnjẹ, gbogbo wọn ni agbára wà nínú wọn. Bí a bá po wọ́n mọ́ omi, tí a dé wọn pa sínú kòtò tàbí àgbá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí yóò máa jẹ wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni gáàsì ń jáde. Gáàsì yìí ṣe é dáná, ó sì ṣe é bọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń yí dáínámò. Omi ẹ̀tẹ̀ tó bá ṣẹ́kù, ajílẹ̀ ni, ẹ dà á sóko.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i kò ní láti lọ sí Òyìnbó. Àjàṣẹ́ kò jìnnà, Porto-Novo náà ni mo ń wí. Ibẹ̀ ni àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ti dá ibùdó Songhai sílẹ̀ ní 1985 lórí ilẹ̀ kékeré. Oko, adìẹ, ẹja, àti ilé-iṣẹ́ irin wà níbẹ̀. Pàǹtí ọ̀kan ni oúnjẹ èkejì, wọ́n sì ń fa gáàsì láti inú ìgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń ti ìlú púpọ̀ wá kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀, Nàìjíríà náà wà nínú wọn.

Bí a kò bá gba gáàsì yìí lò, kì í lọ lásán. Inú ààtàn ńlá ni ó ti ń bí ara rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2018, iná jó ààtàn Olúṣòsùn ní Ọ̀jọ́ta, èéfín sì bo àdúgbò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Gáàsì inú ààtàn máa ń bọ́ irú iná bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá jóná, sánmà ló ń lọ, ó sì ń mú ayé gbóná ju èéfín ọkọ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá gba gáàsì ìgbẹ́, tó sì fi tan iná, ti pa ẹyẹ méjì pẹ̀lú òkò kan.

Ibi tí ewu wà

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, kí ẹnì kan má lọ fi ọ̀rọ̀ mi pa ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ṣe gbogbo pàǹtí ni a ń fọwọ́ kàn. Bátìrì ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dárúkọ. Òjé wà nínú rẹ̀. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, àwọn ènìyàn ń fọ́ bátìrì àlòkù, wọ́n ń ku erùpẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè rí òjé tà. Láàárín oṣù kọkànlá 2007 sí oṣù kẹta 2008, ọmọdé méjìdínlógún ló kú níbẹ̀. Òjé máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ bátìrì ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀, májèlé ni èéfín náà.

Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tún yàtọ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ IBM ní Íńdíà yẹ èyí tí wọ́n ti jù nù wò. Wọ́n rí i pé bí a bá mú mẹ́wàá, bí i méje nínú wọn ṣì lágbára láti tan gílóòbù LED fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, fún odidi ọdún kan. Ohun tó dára ni. Àmọ́ bátìrì náà lè gbiná mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ bí wọ́n bá gún un tàbí bí wọ́n bá ṣáàjì rẹ̀ ní ìṣekúṣe. Iṣẹ́ tó yẹ kí olùkọ́ dúró tì ni. Ìmọ̀ ló ń ya iná tó mọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé.

Kí ni kí a wá ṣe?

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kan ti ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Àbúrò, gílóòbù mẹ́rin kò lè tan iná ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ẹgbẹ̀rún ọmọ.” Òótọ́ lẹ sọ, sà. Kamkwamba náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àtìlẹ́yìn dé, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ni wọ́n fi ń fa omi ní abúlé rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ fi iná sí àwọn kíláàsì, oòrùn ni mo máa dìbò fún ju jẹnẹrétọ̀ lọ, nítorí oòrùn kò ní béèrè owó epo lọ́wọ́ prínsípà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wà láàárín wa, kí wọ́n bá wa ṣírò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ mi kọjá ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo owó wa lọ sórí ohun èlò. Ẹ jẹ́ kí a yọ apá kan sọ́tọ̀ fún nǹkan mẹ́ta.

Èkínní, kí a tún yàrá ìkàwé ṣe, kí a ra ìwé sáyẹ́ǹsì tí àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀ sí i, kí a sì máa san owó ẹni tí yóò máa ṣí i lọ́sàn-án. Ìwé tí a tì mọ́lé kò yàtọ̀ sí fáànù tó wà lórí ààtàn.

Èkejì, kí a ṣí yàrá iṣẹ́ ọwọ́ kan tí àwọn ọmọ yóò máa lò ní Sátidé. Wẹ́dà wà nínú wa, mẹkáníìkì wà, àwọn tó ń tún fáànù àti rédíò ṣe náà wà, bẹ́ẹ̀ la kì í rántí wọn bí a bá ń pín ipò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Sátidé kan péré nínú oṣù ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ní Freetown, ọmọ kan tó ń jẹ́ Kelvin Doe, tí wọ́n bí ní 1996, ń ṣa pàǹtí, ó fi ṣe bátìrì, ó fi ṣe jẹnẹrétọ̀, ó sì gbé ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kalẹ̀ fún àdúgbò rẹ̀. Kó tó di ẹni àádọ́rin tàbí kó tó gboyè kọ́ ló ṣe é. Ní 2012, nígbà tí MIT ní Amẹ́ríkà pè é, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ̀kẹta, ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ ń dá èèpo àti àjẹkù nù lójoojúmọ́. Kí a gbẹ́ kòtò gáàsì kan síbẹ̀, kí àwọn ọmọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì máa tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá ju ìkòkò ẹ̀wà kan lọ tó máa sè lóòjọ́, wọn yóò ti fojú rí ohun tí a máa ń fi ẹ́fun yà fún wa lójú pátákó.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Jẹnẹrétọ̀ tí a bá rà fún ọmọ tí a kò kọ́, òun náà ni yóò di àlòkù lẹ́yìn ilé, tí ewéko yóò bò. Ọmọ tí a bá sì kọ́, bó bá débi àlòkù náà lọ́jọ́ kan, yóò rí wáyà, yóò rí òòfà, yóò sì mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe.

 Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí a bá dé nọ́ńbà keje lọ́sàn-án yìí, ẹ rántí yàrá ìkàwé Wimbe kí ẹ tó nawọ́ sókè.